Alfred Nobel: Ọkùnrin Tó Mú Èéfín Kúrò Nínú Ètù Ìbọn

Orí gbogbo wa ló wú ní ọdún 1986 nígbà tí wọ́n kéde pé Wọlé Ṣóyínká, ọmọ Abẹ́òkúta, ni ó gba Ẹ̀bùn Nobel fún ìwé kíkọ, ẹni àkọ́kọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Láti ìgbà náà ni orúkọ Nobel kò ti ṣàjèjì nínú ilé wa mọ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá bi wá léèrè pé ta ni Nobel yìí, àti pé níbo ni ó ti rí owó tí wọ́n ń pín lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ nínú wa á kàn sọ pé òun ló ṣe dáínámáìtì, a ó sì dákẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin yìí wà lára àwọn tó yí ọta ìbọn gbogbo ayé padà, òróró kan náà tó sì fi ṣe ètù rẹ̀ ni ó wà nínú oògùn tí àwa nọ́ọ̀sì ń fún àwọn aláìsàn ọkàn títí di òní olónìí. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín.

ỌMỌ ÀTÌPÓ

A bí Alfred Nobel ní Stockholm, olú-ìlú Swídìn, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 1833. Immanuel ni orúkọ bàbá rẹ̀, Andriette ni ìyá rẹ̀. Bàbá mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ ilé kíkọ́, ṣùgbọ́n ní ọdún tí wọ́n bí ọmọ yìí gan-an ni gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ní 1837, ó fi aya àti ọmọ sílẹ̀, ó wá iṣẹ́ lọ sí Fínílándì, ó sì ti ibẹ̀ kọjá sí St. Petersburg ní Rọ́ṣíà. Ìyá dúró sílé, ó ń ta wàrà àti ẹ̀fọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan láti fi bọ́ àwọn ọmọ. Ọdún 1842 ni ọ̀nà tó là, tí ìdílé tún para pọ̀ ní Rọ́ṣíà. Kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé irú ìgbé ayé bẹ́ẹ̀ fún àwa tí a wà ní ìdálẹ̀: ẹnì kan ṣáájú, ẹnì kan dá ẹrù ilé gbé, àwọn ọmọ tẹ̀lé e nígbà tí àyè gbà.

Ní Rọ́ṣíà, bàbá ń ṣe ohun ìjà abẹ́ omi fún ọmọ ogun ọba, owó sì ń wọlé. Ó gba olùkọ́ wá sílé fún àwọn ọmọ rẹ̀. Kí Alfred tó pé ọmọ ọdún 18, ó ti gbọ́ èdè márùn-ún: ti Swídìn, ti Rọ́ṣíà, Faransé, Gẹ̀ẹ́sì àti ti Jámánì. Wọ́n rán an lọ sí Paris láti kọ́ ìmọ̀ kẹ́místrì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun Kriméà parí ní 1856, ìjọba Rọ́ṣíà kò ra ọjà lọ́wọ́ wọn mọ́, gbèsè sì tún dé. Àwọn òbí padà sílé, Alfred náà sì tẹ̀lé wọn padà sí Swídìn ní 1863.

ÒRÓRÓ TÍ KÒ GBỌ́RÀN

Ní 1847, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Ítálì kan, Ascanio Sobrero, da glycerine pọ̀ mọ́ ásíìdì líle méjì, ó sì rí òróró kan tí a mọ̀ sí nitroglycerin. Bí wọ́n bá fi òòlù lu ẹ̀kán rẹ̀ kan ṣoṣo, yóò bú gbàù. Sobrero fi díẹ̀ kan ahọ́n, orí sì fọ́ ọ gidigidi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orí fífọ́ yìí sọ́kàn, a ó padà bọ̀ sídìí rẹ̀. Ẹ̀rù òróró náà ba ẹni tó ṣe é, kò sì fẹ́ kí wọ́n máa lò ó.

Nobel ni kò jẹ́ kó lọ. Ohun tí ó ń wá kì í ṣe agbára nìkan. Ó ń wá bí agbára náà yóò ṣe dá a lóhùn nígbà tí ó bá pè é, tí yóò sì dákẹ́ nígbà tí kò bá pè é. Láàárín 1863 sí 1865, ó ṣe fìlà kékeré onírin kan tí èròjà mákúrì wà nínú rẹ̀. Bí fìlà yìí bá kọ́kọ́ bú, òróró ńlá á tẹ̀lé e.

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án ọdún 1864, ilé iṣẹ́ wọn ní Heleneborg, ní Stockholm, bú gbàù. Emil, àbúrò Alfred, ọmọ 20 ọdún, kú níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn mìíràn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá wọn. Ìjọba ní kò gbọdọ̀ ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láàárín ìlú mọ́, ni Alfred bá gbé e lọ sínú ọkọ̀ ojú omi lórí adágún. Ní 1865 ó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Krümmel, lẹ́bàá Hamburg ní Jámánì. Ìyẹn náà bú ní ọdún tó tẹ̀lé e.

Ọdún 1867 ni ó rí ojútùú. Ó po òróró náà mọ́ irú erùpẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ń fa omi mu, ó di ohun tí a lè fi ọwọ́ mọ bí amọ̀, tí kì í sì í bínú lásán. Ó pè é ní dáínámáìtì. Òun ni wọ́n fi la òkè kọjá fún ọ̀nà rélùwéè Gotthard ní Switzerland láàárín 1872 sí 1882. Níbi tí a wà yìí náà, ní Ardeer ní Scotland, ilé iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1873. Àwọn tó ń ṣọ́ ìkòkò òróró níbẹ̀ máa ń jókòó lórí àpótí ẹlẹ́sẹ̀ kan ṣoṣo, kí ẹni tó bá tòògbé lè ṣubú kó sì ta jí. Àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ òru á mọ ohun tí ojú wọn rí.

ÈTÙ, ỌTA ÀTI ÈÉFÍN

Ẹ jẹ́ kí a fi ti ilé ṣàlàyé apá tó kàn. Ẹ̀yin tí ẹ bá ọdẹ gbé rí, ẹ mọ ìbọn ṣakabùlà. Ọdẹ á da ètù sí i láti ẹnu, á fi ọ̀pá kì í, á ju ọta sí i, á tún kì í, kó tó lè yìn ín lẹ́ẹ̀kan. Bí òjò bá pa ètù, ó bàjẹ́ nìyẹn. Iyọ̀ saltpetre, èédú àti imí-ọjọ́ ni wọ́n fi ń ṣe ètù dúdú yìí. Nígbà tí ó bá jó, kò tó ìdajì rẹ̀ tó ń di afẹ́fẹ́ tí ń ti ọta jáde. Gbogbo ìyókù ni èéfín àti ẹ̀gbin tí ń lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá ìbọn. Èéfín náà á bo ojú ọdẹ, á sì fi ibi tó wà han ọ̀tá.

Ìdáhùn àkọ́kọ́ tí àwọn òyìnbó rí ni kátíríìjì, èyí tí wọ́n fi di gbogbo nǹkan pọ̀ sójú kan. Ọta wà lórí, ètù wà láàárín, èròjà mákúrì tí ń gbiná bí wọ́n bá lù ú wà nídìí. Pásítọ̀ ará Scotland kan, Alexander Forsyth, ni ó kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀tọ́ ní 1807 fún lílo irú èròjà tí ń gbiná bẹ́ẹ̀ nínú ìbọn. Bébà ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń ṣe àpò kátíríìjì, kí wọ́n tó wá lo idẹ. Idẹ ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bí ètù bá gbiná, á wú, á fún mọ́ inú ìbọn pinpin kí iná má bàa fọ́n sẹ́yìn sí ojú ẹni tó yìn ín. Bí iná bá lọ tán, á sún kì, wọ́n á sì fà á yọ wẹ́rẹ́.

Kò pẹ́ tí èyí fi dé ọ̀dọ̀ wa. Nínú ogun Kírìjí, tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1877, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ra ìbọn tí ń jẹ kátíríìjì ránṣẹ́ sí àwọn ará wọn tí Ọ̀gẹ̀dẹ̀ǹgbé kó sòdí láti kojú Ìbàdàn. Dídún ohun ìjà náà láàárín àwọn òkè ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, ní Ìmàgbọn, ìbọn Maxim tí ń gbé kátíríìjì mì fúnra rẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ko àwọn ọmọ ogun Ìjẹ̀bú. Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú mọ bí ọjọ́ náà ṣe parí.

Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ èéfín kò tíì yanjú. Ní 1884, ará Faransé kan, Paul Vieille, fi òwú tí wọ́n ti rẹ sínú ásíìdì ṣe ètù tí kì í fi bẹ́ẹ̀ rú èéfín. Ìbọn Lebel ti 1886 ni wọ́n ṣe fún un. Nobel náà ti ń ronú sí i. Ó mọ̀ pé dáínámáìtì kò ṣeé fi sínú ìbọn, nítorí bíbú rẹ̀ á fọ́ ọ̀pá ìbọn yángá. Ètù ìbọn gbọ́dọ̀ jó kíákíá, ṣùgbọ́n kó jó létòlétò láti òde wọ inú.

Ní 1887 ó gbé ballistite jáde. Ó po nitroglycerin àti òwú alásíìdì ní nǹkan bí ìdọ́gba, ó fi káńfọ̀ díẹ̀ sí i. Ẹ wo nǹkan ìyanu: ohun méjì tí ń bú gbàù nígbà tí wọ́n dá wà, nígbà tí wọ́n para pọ̀, wọ́n di ohun líle bí ìwo ẹran tí a lè tẹ́ pẹlẹbẹ kí a sì gé. Bí wọ́n bá ṣe gé e sí ni yóò ṣe jó sí, bí iṣu tí a gé wẹ́wẹ́ ṣe ń tètè jinná ju odindi lọ.

Gbogbo ọta ìbọn ló yí padà lẹ́yìn irú ètù tuntun wọ̀nyí. Nítorí pé agbára wọn pọ̀, ọta kò nílò kó tóbi mọ́. Láti ìwọ̀n mìlímítà 11 ni ó wá sí 8 àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, jagunjagun sì lè ru èyí tó pọ̀ sí i. Eré rẹ̀ wá pọ̀ débi pé òjé lásán kò lè fara dà á, ó ń bó sínú ọ̀pá ìbọn. Wọ́n wá ń fi bàbà tàbí bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì wọ̀ ọ́ láṣọ, ọgbọ́n tí Eduard Rubin ti Switzerland ti gbé jáde ní nǹkan bí 1882. Èyí tó burú jù ni pé èéfín kò sí mọ́ láti fi ẹni tó yìnbọn hàn. Ẹni tí ọta bà kò ní mọ ibi tí ikú ti wá.

ÌLÚ TÓ LÉ E, ÌLÚ TÓ JÀ Á LÓLÈ

Paris ni Nobel ń gbé láti 1873. Ó fi ballistite lọ ìjọba Faransé, wọ́n ní ti Vieille tó àwọn. Nígbà tí Ítálì rà á ní 1889, ariwo ta ní Paris. Wọ́n pè é ní amí, wọ́n ní ó jí ọgbọ́n àwọn tà fún ọ̀tá, wọ́n sì ti ilé ìwádìí rẹ̀ ní Sevran pa. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 18 tó ti ń gbé láàárín wọn, ó di ẹrù rẹ̀ ní 1891, ó kó lọ sí San Remo ní Ítálì.

Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún dùn ún ju ìyẹn lọ. Ìjọba yan ìgbìmọ̀ kan láti wá ètù tuntun. Frederick Abel àti James Dewar wà níbẹ̀, Nobel sì mọ̀ wọ́n. Ó fọkàn tán wọn, ó fi bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń lọ hàn wọ́n. Ní 1889 ni àwọn méjèèjì gba ìwé ẹ̀tọ́ fún cordite: nínú 100, nitroglycerin 58, òwú alásíìdì 37, Vaseline 5, tí wọ́n tẹ̀ jáde bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Òun ni wọ́n wá ń kó sínú kátíríìjì .303 ti ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Nobel pè wọ́n lẹ́jọ́, ẹjọ́ náà sì dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní 1895, ó jẹ̀bi. Ohun tó ṣe é ni pé ó ti kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀tọ́ tirẹ̀ pé irú òwú tí ń yòrò ni òun lò. Cordite lo èyí tí kì í yòrò. Nítorí ọ̀rọ̀ kan péré, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, ó sì tún san owó ẹjọ́ rẹpẹtẹ.

Àwa náà ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí láìmọ̀. Inú ọ̀rá ni glycerine ti ń jáde, nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là. Epo pupa tí àwọn ìyá wa fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tí wọ́n kó gba etíkun wa lọ sí Liverpool, wà lára ọ̀rá bẹ́ẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, láti 1914 sí 1918, glycerine di ohun tí ìjọba ń wá lójú méjèèjì láti fi ṣe cordite. Nobel ti rò tẹ́lẹ̀ pé bí ohun ìjà bá burú tó, àwọn orílẹ̀-èdè á bẹ̀rù láti jagun. Ó ti kú ní ọdún 18 ṣáájú kí ogun yẹn tó fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀.

ÒRÓRÓ KAN NÁÀ LÁBẸ́ AHỌ́N

Ẹ rántí orí tó fọ́ Sobrero. Orí ń fọ́ àwọn òṣìṣẹ́ Nobel náà, ó sì ń fọ́ Nobel fúnra rẹ̀. Òróró náà ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ tú sílẹ̀ kí ó sì fẹ̀, ìdí nìyẹn tí orí fi ń fọ́. Ní 1879, dókítà William Murrell ní Lọ́ńdọ̀nù fi hàn pé bí a bá lo ìwọ̀n bíńtín, títú iṣan yìí ń mú ìrora àyà rọlẹ̀ fún àwọn tí ẹ̀jẹ̀ kì í dé ọkàn wọn dáadáa. Nígbà tí ọkàn Nobel náà bẹ̀rẹ̀ sí yọ ọ́ lẹ́nu, nitroglycerin ni àwọn dókítà kọ fún un. Ó yà á lẹ́nu, ó sì kọ ọ́ sí ẹnì kan pé wọ́n ti fún un ní orúkọ mìíràn kí ẹ̀rù má bàa ba àwọn ènìyàn.

Òun náà ni GTN tí àwọn bàbá àti ìyá wa ń fi sábẹ́ ahọ́n tàbí fín sí i. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ wẹ́rẹ́ níwọ̀n bí a ti dé ibẹ̀. Ẹ jókòó kí ẹ tó lò ó, nítorí òyì lè kọ́ yín. Ẹ má gbé e mì. Bí orí bá fọ́ yín díẹ̀, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ẹni tó bá ń lo Viagra tàbí irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ pa á pọ̀ mọ́ GTN láéláé, ẹ má sì jẹ́ kí ìtìjú dí yín lọ́wọ́ láti sọ fún dókítà. Bí ìrora kò bá lọ lẹ́yìn tí ẹ ti lò ó bí wọ́n ṣe ní kí ẹ lò ó, ẹ pe 999, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́.

NÍBO NI ILÉ RẸ̀?

Nobel kò gbéyàwó, kò sì bímọ. Ó ní ìwé ẹ̀tọ́ 355 àti nǹkan bí ilé iṣẹ́ 90 káàkiri ayé. Ní oṣù kejìlá ọdún 1896, ní San Remo, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu òun náà bíi ti bàbá rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ èdè márùn-ún, ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ díẹ̀ ní èdè ìyá rẹ̀ ló kù ú kù lẹ́nu, àwọn ìránṣẹ́ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ kò sì gbọ́ èdè Swídìn. Ó kú ní ọjọ́ 10 oṣù náà láìsí ẹbí kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní wọ́ọ̀dù, àwa náà ti rí àgbà Yorùbá tí àìsàn gba Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu rẹ̀, tí ń bèèrè omi, tí ọmọ rẹ̀ dúró tì í tí kò mọ ohun tó ń sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá àwọn ọmọ sọ Yorùbá.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá ọdún 1895 ni ó ti buwọ́ lu ìwé ìhágún rẹ̀ ní Paris, níwájú ẹlẹ́rìí mẹ́rin, láìpe lọ́yà. Owó tó lé ní mílíọ̀nù 31 kroner ti Swídìn ni ó fi sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ dá owó ẹ̀bùn sílẹ̀ fún àwọn tó bá ṣe ènìyàn lóore jù nínú físíìsì, kẹ́místrì, ìmọ̀ ìṣègùn, ìwé kíkọ àti àlàáfíà. Inú bí àwọn kan nínú ẹbí, wọ́n fẹ́ kí ilé ẹjọ́ fagi lé e. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ dìde ni èyí tí gbogbo wa mọ̀: níbo gan-an ni ilé rẹ̀? Ṣé Swídìn tí wọ́n bí i sí, ṣé Paris tó ti gbé pẹ́, àbí San Remo tó kú sí? Ragnar Sohlman, ọ̀dọ́mọkùnrin tí Nobel fi ìwé náà sí ìkáwọ́ rẹ̀, fi ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin kó àwọn ìwé owó náà la ìgboro Paris kọjá, ìbọn ìléwọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí òfin Faransé tó lè dé ibẹ̀. Níkẹyìn, ilé ẹjọ́ ìlú kékeré kan ní Swídìn, Karlskoga, ni ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí lọ́wọ́, nítorí pé Nobel ti ní ilé kan sí agbègbè náà, ó sì ti kó ẹṣin rẹ̀ síbẹ̀. Emanuel, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni ó dúró gbọn-in pé kí wọ́n ṣe ohun tí òkú wí. Ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún 1901, tó pé ọdún márùn-ún géérégé tó kú, ni wọ́n kọ́kọ́ pín ẹ̀bùn náà.

Ní 1998, wọ́n fi Ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn dá Furchgott, Ignarro àti Murad lọ́lá, àwọn tó fi hàn bí gáàsì kan tó ń jẹ́ nitric oxide ṣe ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ tú. Gáàsì yìí ni nitroglycerin ń dà nínú ara. Owó òróró náà ni wọ́n fi san ẹ̀san fún ẹni tó ṣàlàyé òróró náà. Ṣóyínká tiwa náà, tó máa ń fi Ògún, òrìṣà irin, ṣe àkàwé nínú iṣẹ́ rẹ̀, gbà nínú rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ kan náà ló ń rọ ọkọ́, òun náà ló ń rọ idà.

Nobel kò lè pàṣẹ fún ètù rẹ̀ lẹ́yìn tó ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ítálì lò ó, Gẹ̀ẹ́sì mú u, ogun sì gbé e lọ. Ìwé kan ṣoṣo tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni ó ṣe ohun tó ní kó ṣe, ìyẹn náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa tí ẹ ní ilé níhìn-ín tí ẹ tún ní ilẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú, ẹ pe lọ́yà kí ẹ kọ tiyín síbi tó dájú, kí ẹ sọ ibi tí ilé yín wà, kí àwọn ọmọ má bàa máa ti ilé ẹjọ́ kan bọ́ sí òmíràn nígbà tí ó yẹ kí wọ́n máa ṣọ̀fọ̀ yín.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a fi orúkọ rere sílẹ̀ o. Ó dìgbà kan ná.